Ẹṣin Mélòó Ló Wà Nínú Láptọ́ọ̀pù?

Ní èbúté Igbókọ̀dá, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ẹ́ńjìnnì. "Fọ́tì ni tìrẹ, àbí sẹ́fíńtì-fáìfù?" ni awakọ̀ ojú omi kan máa bi ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdáhùn yẹn nìkan á ti jẹ́ kó mọ iye èrò tí ọkọ̀ náà lè kó, iye kẹ́ẹ̀gì epo tó máa jẹ kó tó dé Ayétòrò, àti bóyá ó lè dojú kọ ìgbì nígbà òjò. Agbára ẹṣin ni 40 àti 75 yẹn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìdérí ẹ́ńjìnnì Yamaha, kò sì sí ẹni tó ń jiyàn rẹ̀.

Àwọn mọ́tò tó gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ni ọ̀nà ọ̀dà tó gba Òkìtìpupa wá ti ń fa èrò lé omi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ sí àwọn ìlú etí òkun ló ń páàkì mọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ máa rí Camry tí wọ́n ń pè ní Muscle, Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, Sienna tó ti gbó, Golf lóríṣiríṣi. Kò sí nọ́ńbà ẹṣin kankan lára bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn. Bóyá ìyẹn ló mú kó rọrùn fún àwọn ọ̀dọ́ láti gbà pé ẹnì kan lè jókòó ti láptọ́ọ̀pù kó sì fi ẹṣin kún ẹṣin.

Iṣẹ́ náà wà lóòótọ́. Remap ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ka ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n á yí àwọn nọ́ńbà kan padà, wọ́n á sì kọ ọ́ padà síbẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí, rìwáyà tó ti lé ní ogún ọdún nídìí iná mọ́tò, ti ṣe é fún àwọn kan. Àwọn tó kọ̀ láti ṣe é fún pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó wa Golf GTI ìran karùn-ún láti Èkó wá kí ìyá rẹ̀ nígbà ọdún Kérésì. Ẹ́ńjìnnì líítà méjì tó ní tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ ló wà nínú mọ́tò yẹn, ẹṣin 200 sì ni Volkswagen kà sí i lọ́rùn. Ọmọ náà ti sanwó fún ẹnì kan ní Èkó pé kó sọ ọ́ di 250. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní ńṣe ló dà bí ẹni gun ẹ̀fúùfù. Nígbà tó fi máa kọjá Orè, iná check engine ti ń ṣẹ́jú, mọ́tò ń gbọ̀n, kórópe tó kó àpò gààrì sì yà á sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó tẹ́ pẹrẹsẹ. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó," ló wí. "Ó jọ pé wọ́n ti jí àwọn ẹṣin mi kó."

Kó tó di pé a wá àwọn ẹṣin náà lọ, ó yẹ ká mọ ibi tí wọ́n ti ń wá.

Àwọn àgbà mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lára Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, etí àti sìkúrúdíráfà ni wọ́n fi ń túùnù ẹ́ńjìnnì. Kàbúrétọ̀ ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, dìsìtìríbútọ̀ ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Bí ọ̀gá bá yí dìsìtìríbútọ̀ díẹ̀, iná á yára tàn tàbí kó falẹ̀, etí rẹ̀ á sì sọ ibi tó yẹ kó dúró. Ní 1979, ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì kó iṣẹ́ méjèèjì, ti epo àti ti iná, sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n sọ ní Motronic. BMW 732i ló kọ́kọ́ gbé e rìn. Nígbà tí Amẹ́ríkà wá fi dandan lé e pé gbogbo mọ́tò tuntun láti ti ọdún 1996 gbọ́dọ̀ ní ojú ihò OBD-II nítòsí ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀ ti ṣí sílẹ̀. Àwọn mọ́tò yẹn náà ló di tòkunbọ̀ tí a ń gùn.

Ní ọgbà mẹkáníìkì, brain box ni wọ́n ń pe kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò kan tó fẹ̀ ju èyí tí a mọ̀ lọ. Lóròó ni eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá, níbùú ni ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀, nọ́ńbà kan sì wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọpọ́n tó ní ihò 16 lóròó àti 16 níbùú kò ṣàjèjì, ìyẹn ihò 256, ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú àpótí kékeré yẹn: òmíràn fún iye epo, òmíràn fún ìgbà tí iná máa tàn, òmíràn fún bí tọ́bò ṣe máa fẹ́ tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 50 ni sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ń gbaná láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, brain box á sì yẹ ọpọ́n wò fún gbogbo rẹ̀. Etí ọ̀gá wo ló lè bá a dù ú?

Ẹni tó ń remap, ọmọ ayò ló ń ṣí kiri. Ó lè mú kí iná tàn ṣáájú díẹ̀ sí i kí písítìnì tó dé òkè. Ó lè ní kí tọ́bò túbọ̀ fẹ́. Ó lè fi epo kún un: gíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 sí gíráàmù epo kan ni ìwọ̀n tí bẹntiróòlù fi ń jóná tán pátápátá, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lo gbogbo agbára rẹ̀, nǹkan bíi 12.5 ni a máa ń wá. Nínú mọ́tò tó ní tọ́bò, èyí lè mú ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ wọlé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìtú nọ́ọ̀tì kan. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kò tíì wà á.

Camry, Corolla àti Accord tí kò ní tọ́bò ńkọ́? Tiwọn kéré débi pé ẹni tó wà nídìí sítíárìn lè má mọ̀ ọ́n lára. Afẹ́fẹ́ tí písítìnì bá lè fà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní, láptọ́ọ̀pù kò sì lè dá afẹ́fẹ́. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ mówó wá kí òun fi waya lásán gbin ẹṣin 50 sínú Muscle, ẹ bá a rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í bèèrè. Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ débi tó fi lè ṣe irú ẹ́ńjìnnì yẹn, kí ló dé tó mọ̀ọ́mọ̀ fi agbára pamọ́? Nígbà mìíràn, ọjà ni. Mercury, tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ń ta ẹ́ńjìnnì líítà 2.1 kan náà ní ẹṣin 75, 90 àti 115, owó wọn ò sì dọ́gba. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan tí ilé iṣẹ́ kò rí rí ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún: ẹni tó máa ra epo tí kò dáa, tó máa wakọ̀ nínú ooru tó lè din ẹyin, tó máa sún ọ́ìlì tó yẹ kó pààrọ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Àwa lẹni náà. Ẹṣin 50 tí ọmọ Èkó yẹn rà, tirẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ kàn bá a tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ burúkú ni.

Ọjọ́ burúkú ọ̀hún, inú epo ló máa ń gbà wọlé. Nọ́ńbà ọ́kítéènì ló ń sọ bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ tó kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Ní ìlànà Nàìjíríà, 91 ni kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí. Àwọn tó ń kọ fáìlì remap ní Jámánì àti Ìlú Ọba, 95 tàbí 98 ló wà lọ́kàn wọn. Tí epo bá gbiná láyè ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ró bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Nọ́ọ̀kù ni àwọn tó kọ ìwé iṣẹ́ náà ń pe ìró yẹn. Ó yàtọ̀ sí "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kù" tí à ń sọ ní ọgbà mẹkáníìkì, èyí tó túmọ̀ sí pé bíárìn ti jẹ tán, kí olówó lọ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ lè bí ti èkejì. Brain box ní etí tó fi ń gbọ́ ìró náà, ìyẹn sẹ́nsọ̀ kan tí wọ́n dè mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Gbàrà tó bá ti gbọ́ ọ, á fa ìgbà tí iná ń tàn sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì á là, agbára á lọ.

Ibi tí àwọn ẹṣin Golf náà gbà lọ nìyẹn. Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, tí ọmọ náà sì ń wà á lọ sápá Òkìtìpupa, ó hàn gbangba pé sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni brain box ti ń fa iná wọn sẹ́yìn láìdábọ̀. Fáìlì ní kó sáré, epo ní kó dúró. Nínú ìfàǹfà yẹn, mọ́tò náà kò lo agbára tuntun, kò sì rí ti àtijọ́ lò.

Ta ló sì lè búra fún epo tó wà nínú táǹkì? Àwọn ìlú orí omi kò ní ilé epo lójú pópó bíi tòkè. Kẹ́ẹ̀gì ló ń gbé epo dé ọ̀dọ̀ wọn, kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n sì fi ń tà á létí èbúté. Omi máa ń wọ inú rẹ̀. Epo tí àwọn kan fi iná igi sè nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kpo-fire, máa ń yọ́ wọ ọjà pẹ̀lú, bí àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ní ibùdó ní Igbókọ̀dá ti ń lé e tó. Kẹ́ni má sì rò pé ti ilé epo ìgboro ló dá a lójú: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí méthánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ó sì ba ọ̀pọ̀ mọ́tò jẹ́ kí ìjọba tó kó o kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní ìparí oṣù Ẹ̀bìbí 2023, àwọn ènìyàn tún wá ń fi epo díẹ̀ rìn. Páǹpù epo tó wà nínú táǹkì, epo náà ló ń tù ú lára. Bí epo bá wà nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ooru á máa pa páǹpù, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ á sì máa gun òkè. Ilé ìfọpo Dangote ti ń ṣe bẹntiróòlù láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì ṣì ni kẹ́ẹ̀gì.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá gbáko tí Ìlàjẹ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó bá a pààlà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn. Kíkọ fáìlì sínú brain box lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè gbà tó ìdajì wákàtí; ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kọ́kọ́rọ́ wà ní títan, fáànù lè máa yí, agbára bátìrì kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀. Ṣájà ńlá ló máa ń dì í mú. Ní Igbókọ̀dá, jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé ṣájà náà ró. Lọ́jọ́ kan, ọmọṣẹ́ kan ní òun ti rọ epo sí jẹnẹrétọ̀, kò sì rọ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ náà kú nígbà tí iṣẹ́ dé àárín. Ẹ wo brain box tó ti gbàgbé ìdajì ohun tó mọ̀, tí kò sì tíì kọ́ ìdajì tuntun: mọ́tò kò dáhùn, dásíbọ́ọ̀dù dúdú, oní-mọ́tò dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera. Ó di dandan kí wọ́n tú àpótí náà, kí wọ́n so waya tín-ín-rín mọ́ inú rẹ̀ tààrà, kí ó tó jí lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ yẹn, bátìrì tírélà méjì ló ń wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan brain box ẹnikẹ́ni ní ọgbà náà. Ọmọṣẹ́ yẹn ti di ọ̀gá ara rẹ̀ báyìí, òun náà sì máa ń yẹ jẹnẹrétọ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Afẹ́fẹ́ òkun ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Iyọ̀ inú rẹ̀ máa ń sọ orí waya di aláwọ̀ ewé, sẹ́nsọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́ fún brain box. Ìyá kan tó ń ta ẹja gbé Camry wá lọ́dún kan. "Ọmọ mi, wọ́n ní ẹ ní kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń fún mọ́tò lágbára. Tèmi ò lè gun afárá mọ́ o." Wọ́n so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn lóòótọ́, wọ́n fi ka ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́nsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, ìdìpọ̀ waya kan ti pọn ewé, fílítà afẹ́fẹ́ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n nù ún, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ fílítà àti púlọ́ọ̀gì. Agbára tí mọ́tò náà bá kúrò nílé iṣẹ́ padà dé. Ìyá ọlọ́jà gbé ẹja wá fún gbogbo ọgbà. Títí di òní, ó ń sọ kiri ọjà pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi fún mọ́tò òun lágbára, kò sì sí ẹni tó tíì lè yí i lọ́kàn padà. Ká sọ òótọ́, nínú mẹ́wàá tó bá wá bèèrè remap, irú ti ìyá yìí ló pọ̀ jù. Kí ẹnì kan wá kọ fáìlì tuntun lé sẹ́nsọ̀ tó ń purọ́, irọ́ ló gbé lé irọ́.

Irọ́ tí wọ́n ń fowó rà tún wà. Kátálíìsì tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sàléńsà ní pàtínọ́ọ̀mù, paládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù nínú, àwọn oníbàárà sì wà tó ń rà á níye tó dùn gbọ́. Mẹkáníìkì á gé e tà, iná check engine á tàn, kóòdù P0420 á yọjú, wọ́n á wá wá ẹni tó máa kọ brain box kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ pípa brain box lẹ́nu mọ́ yìí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oní-láptọ́ọ̀pù wa ju iṣẹ́ fífi ẹṣin kún ẹṣin lọ. Ẹ má dá wọn nìkan lẹ́bi. Volkswagen fúnra rẹ̀ ṣe é tó fẹ̀ káyé: ní ọjọ́ 18 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2015, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, fẹ̀sùn kàn án pé ó kọ ohun kan sínú kọ̀ǹpútà àwọn mọ́tò oní-dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó ń mọ ìgbà tí wọ́n bá ń dán an wò. Ó ń wo bí sítíárìn ṣe ń yí, ó ń wo eré, ó ń wo bó ṣe pẹ́ tó lórí ìrìn. Tó bá ti fura pé àyẹ̀wò ni, èéfín á mọ́. Tó bá ti jáde sí títì, èéfín á padà sí bó ṣe wà. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 mọ́tò káàkiri ayé ló ní in.

Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín ni pé láti ọdún 2016 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń fi dandan mú àwọn ọkọ̀ èrò pé kí wọ́n de ohun tó ń dín eré kù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lójú títì kan náà, ẹnì kan ń sanwó kí mọ́tò má lè sáré, èkejì ń sanwó kó lè sáré sí i.

Ká padà sí èbúté. Yamaha 40 tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, kàbúrétọ̀ ló ń lò, ọ́ìlì ni wọ́n ń pò mọ́ epo rẹ̀, kò ní brain box kankan. Síbẹ̀ àwọn ọmọkùnrin etí omi ti ń remap tiwọn tipẹ́: wọ́n ń pààrọ̀ pùròpẹ́là, wọ́n ń fẹ ojú ihò kàbúrétọ̀, wọ́n ń dín ọ́ìlì kù kí owó lè ṣẹ́ kù. Kò yani lẹ́nu, nítorí ọwọ́ àwọn Ìlàjẹ ti mọ irin àti igi ọkọ̀ tipẹ́; Ayétòrò tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, wọ́n ti kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńjìnnì tó ń lo kọ̀ǹpútà ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn tí kò nílò ọ́ìlì nínú epo, àwọn tí wọ́n ń fi láptọ́ọ̀pù yẹ̀ wò. Awakọ̀ kan ti gbọ́ pé 75 àti 115 Mercury ń jáde láti ara ẹ́ńjìnnì kan náà, ó sì ti wá bèèrè bóyá wọ́n lè bá òun yí i. Wọ́n dá a lóhùn pé rárá. Tí písítìnì bá yọ́ ní Òkìtìpupa, èèyàn á bọ́ sílẹ̀, á bú ẹni tó bá a ṣe é, á wá ọ̀kadà. Tó bá yọ́ níbi tí ọ̀sà ti ń pàdé òkun, pẹ̀lú èrò méjìlá àti àpò gààrì, kò sí ibi tí èèyàn máa bọ́ sílẹ̀ sí.

Golf ńkọ́? Ohun tó pẹ́ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni wíwá fáìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nílé iṣẹ́. Ẹni tó ṣe é ní Èkó kò fi pamọ́, nọ́ńbà fáìlì náà sì gbọ́dọ̀ bá ti brain box yẹn mu gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò kò ní dáhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wá a. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ padà, iná check engine kú, ọmọ náà sì wà á lọ sí Òkìtìpupa lórí epo kan náà. Ó ní ó yá ju ìgbà tí òun dé lọ. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe remap, tí mọ́tò yín ní tọ́bò, tí ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń rí epo tó dáa rà, kò sí ẹni tó máa dá yín dúró. Kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ní kó ka fáìlì àkọ́kọ́ jáde sórí fláàṣì, kó fi lé yín lọ́wọ́, kẹ́ ẹ tó sanwó.